Ìlọ́po Àádọ́rùn-ún

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà ọsibítù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ Aniamma lọ́wọ́, bàbá ọkọ rẹ̀ kò béèrè ìlú tí ọsibítù náà wà, kò sì béèrè irú aláìsàn tí wọ́n fẹ́ kó máa tọ́jú níbẹ̀. Pẹ́ńsùlù ìkọ̀wé ló béèrè.

Kuriakose Sar ni gbogbo ará ìlú wa, Ranni, ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò, ẹni tó bá sì ti ṣe tíṣà lọ́dọ̀ wa, "Sar" yẹn kì í kúrò lára orúkọ rẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi gbé e sin. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi àpòòwé ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì lé orúnkún, ó kọ ẹgbàá pọ́n-ùn sẹ́yìn rẹ̀. Àádọ́rùn-ún rúpì ni pọ́n-ùn kan ń lọ nígbà náà. Ó fi àádọ́rùn-ún lọ́ ọ po, ó ka àwọn òdo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án rúpì," ó ní. "Lóṣooṣù! Ìyá yìí, ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ammachi, dáhùn láti ilé ìdáná. "Ẹ tún pariwo ẹ̀ sí i, kí olè náà lè gbọ́."

Ẹgbàáje rúpì ni ọsibítù aládàáni tó wà nítòsí ọjà ń san fún Aniamma lóṣù, òun náà sì rèé, ọdún mẹ́jọ ló ti fi ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ fi ẹgbàáje sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án, kí ẹ sọ fún mi bí ẹ̀yin náà kò bá ní bọ́ awò ojú.

Àwa ará Ranni mọ ìlọ́po ju gbogbo ayé lọ. Kò sí ilé tí kò ní nọ́ọ̀sì kan ní Kuwait tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ibi tí a kì í ti í lọ́ owó oṣù wọn po: níwájú ṣọ́ọ̀bù tíì, nídìí òkú, lórí àga ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá nígbà tí àlùfáà bá ń wàásù lórí ojúkòkòrò. Ìyọkúrò ni a ò kọ́. Owó ilé, owó orí, owó búrẹ́dì, ẹni tó lọ ni yóò yọ wọ́n, ní òkèèrè níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n àwa kì í kà kọjá ẹ̀fà.

Kì í ṣe pé afẹ́ ló ń lé Aniamma kiri. Thampi ọkọ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Sar àti Ammachi bí, ni bọ́ọ̀sì gbá lórí alùpùpù lójú ọ̀nà Kozhencherry, nígbà tí Minnu ọmọ wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú. Ilé tí kò tíì ní òrùlé ló fi sílẹ̀, àti gbèsè báńkì tó fi ìwé ilẹ̀ baba rẹ̀ dúró fún. Ọ̀kẹ́ méjì rúpì ni báńkì ń gbà lóṣooṣù, fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún; owó tí Thampi tọ́jú pa mọ́ ni wọ́n fi ń san án, ó sì ti ń tán lọ. Owó ìfẹ̀yìntì Sar kò ju ti oúnjẹ lọ. Igi rọ́bà tó wà lẹ́yìnkùlé, iye tí wọ́n ń ra oje rẹ̀ ti já wálẹ̀ débi pé owó ẹni tó ń kọ igi náà ju owó oje lọ. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsan, báńkì yóò gba ilẹ̀, àti ilé tuntun, àti ilé àtijọ́ tí àwọn arúgbó méjèèjì ń sùn sí.

"Ọdún kan péré," Aniamma sọ fún Ammachi. "Kí n kàn fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan n ó wá mú Minnu."

"Bí Ọlọ́run bá fẹ́," Ammachi dáhùn. Kò wo ojú rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Minnu. Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹ́ kí ọmọ rí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ. Ammachi gbé e lọ sí ilé kejì láti wo pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n wo pẹ́pẹ́yẹ náà títí ọkọ̀ fi gbé Aniamma lọ. Aniamma ti fi aṣọ ìwọ̀sùn rẹ̀ kan sílẹ̀, èyí tó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko wọ̀ láìfọ̀, kí ọmọ lè máa gbóòórùn rẹ̀ bó bá fẹ́ sùn. Gbogbo nọ́ọ̀sì wa ló mọ ọgbọ́n yẹn. Kò sí ilé ìwé tó kọ́ wọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú ilé kan tí àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ wa jọ gbà ni wọ́n fi Aniamma sí. Leelamma ni àgbà wọn; Chechi, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin, ni àwọn yòókù ń pè é. Ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ó ti ṣe nọ́ọ̀sì ní Saudi kó tó wá síbẹ̀, ó sì ní ẹnu bí abẹ. Nígbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ wọlé, Aniamma wá bá a ní ilé ìdáná pẹ̀lú ìwé owó náà.

"Chechi, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ti ṣe àṣìṣe. Ẹgbàá ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà. Ẹgbẹ̀jọ ni mo rí."

Leelamma kò tilẹ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ata ló ń gé lọ́wọ́. "Wọn ò ṣe àṣìṣe kankan. Ìjọba ti bù tiẹ̀. Ta ló bá ẹ lọ́ ọ po nílé?"

"Bàbá ọkọ mi."

"Tíṣà ni?"

"Tíṣà ìṣirò ni wọ́n."

Leelamma rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àfi bí ẹni pé ata ló wọ̀ ọ́ lójú. "Àwọn gan-an ló burú jù! Jókòó, ọmọ yìí. Bàbá ti ṣe ìlọ́po, ó yá ká ṣe ìyọkúrò."

Wọ́n yọ irinwó pọ́n-ùn fún yàrá. Wọ́n yọ ọ̀ọ́dúnrún fún oúnjẹ, ọkọ̀ àti fóònù. Wọ́n yọ irinwó ó lé àádọ́ta fún báńkì tó wà ní Ranni, wọ́n yọ igba fún àwọn arúgbó àti Minnu, wọ́n sì yọ àádọ́jọ fún owó tí Aniamma yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti fi ṣe ìdánwò èdè, ẹ̀ẹ̀mẹta, kó tó yege. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ló ṣẹ́kù.

"Ó ṣẹ́kù!" Aniamma ní. "Chechi, ó ṣẹ́kù."

"Ó ṣẹ́kù. O ò tíì ra kóòtù, òtútù sì ń bọ̀. Sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ."

"Ọmọ mi ni mo fẹ́ mú wá."

Leelamma dá ọwọ́ dúró. Ó nu ọwọ́ méjèèjì sára aṣọ, ó wá fà á sún mọ́ tábìlì. "Ọmọ ọdún mẹ́ta, àbí? Jẹ́lé-ó-sinmi ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lóṣù ni níhìn-ín. Ìwọ àti ọmọ ò sì lè máa gbé yàrá kan yìí, onílé ò ní gbà. Fi irinwó mìíràn kún un. Ọ̀sẹ̀ tí o bá ń ṣe iṣẹ́ òru, jẹ́lé-ó-sinmi a ti tilẹ̀kùn. Ta ni yóò sùn tì í? Ìrọ̀rí?"

Aniamma ká ìwé owó náà sí méjì.

"Mi ò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o," Leelamma ní, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Ìṣirò yìí kan náà ni mo ṣe ní Saudi lórí àwọn ọmọkùnrin mi méjì. Kò jáde fún mi náà. Mo ní kó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ó wá jáde lọ́dún tó ń bọ̀ náà?"

"Wọ́n ti dàgbà báyìí. Ọ̀kan fẹ́ ra mọ́tò. Tó bá ti fẹ́ ra nǹkan ló máa ń pè mí."

Láti ọjọ́ náà ni Aniamma fúnra rẹ̀ ti kó àìsàn ìlọ́po. Ẹni tó wà nílé ń lọ́ owó tó ń wọlé po, ẹni tó wà ní òkèèrè ń lọ́ èyí tó ń jáde. Búrẹ́dì pọ́n-ùn kan di àádọ́rùn-ún rúpì, Ammachi ì bá fi ra ẹja tí gbogbo ilé yóò fi jẹ ẹ̀gẹ́ ọjọ́ méjì. Ife tíì kan di ọgọ́sàn-án rúpì, ó sì gbé e padà sórí káńtà lójú ẹni tó ń tà á. Ó ń fi ẹsẹ̀ rin ogójì ìṣẹ́jú nínú òjò kó má baà wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn aláìsàn a máa sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó rù, ojú rẹ̀ jìn sínú. Nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sílé, kóòtù ńlá kan ló wọ̀ tó rà ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa sì wò ó, wọ́n ní, ẹ wo bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbà á.

Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pè wọ́n nílé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Minnu a jókòó lórí itan Sar. Ohun kan náà ló máa ń béèrè.

"Mummy, ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá mú mi?"

Ẹkún ni ìdáhùn tó wà ní ọ̀fun Aniamma, ṣùgbọ́n a kì í sunkún síwájú fóònù fún ọmọ. Òǹkà rọrùn jù ú lọ. "Nígbà tí owó jẹ́lé-ó-sinmi bá pé, mole, ọmọbìnrin mi. Ẹgbẹ̀rún ni. Mo ti ní ọgọ́rùn-ún."

Sar, ẹni tí kò lè rí òǹkà kó má kọ́ ẹnìkan, a na ọwọ́ mú síléètì àtijọ́ tó mú wá láti ilé ìwé nígbà tó fẹ̀yìn tì. A kọ ẹgbẹ̀rún sókè, a kọ ọgọ́rùn-ún sísàlẹ̀ rẹ̀. "Yọ ọ́. Kí ló kù?" Bí ọmọ náà bá gbà á, a fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a pàtẹ́wọ́. Báyìí ni Minnu ṣe kọ́ ìyọkúrò kó tó mọ orúkọ rẹ̀ kọ. Mi ò lè bínú sí Sar. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, kò sì mọ èdè mìíràn tó lè fi sọ fún ọmọ pé ìyá rẹ̀ ò gbàgbé rẹ̀.

Ọdún méjì kọjá kí Aniamma tó rí owó ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò níwájú ilé, Minnu sá sẹ́yìn Ammachi, ó fi aṣọ rẹ̀ bo orí. Ammachi ń tì í síwájú, ó ń sọ pé, "Mummy rẹ nìyí, Mummy inú fóònù," ọmọ náà sì ń fi orí kọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Minnu gba ibùsùn Ammachi lọ. Aṣọ ìwọ̀sùn yẹn, tó ti gbó tó ti ya, ó fi bo imú, ó sùn lọ. Ẹni tó ni aṣọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ammachi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wá, sùn síbí."

"Ẹ jẹ́ kó sùn, Ammachi. Bó bá jí, ẹ̀rù á bà á."

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ìsinmi rẹ̀. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni Minnu tó jẹ́ kó bá òun ya irun. Ọjọ́ mẹ́rin tó kù, wọn ò fira wọn sílẹ̀. Nígbà tó tún kan ìlọ, kò sí pẹ́pẹ́yẹ tó lè tan ọmọ náà jẹ mọ́.

Aniamma padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìpinnu. Iṣẹ́ àfikún tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, òun ló ń gbà á. Ní ọdún kan ààbọ̀, ó ti tọ́jú owó físà pa mọ́, ó sì ti rí obìnrin kan láti Kottayam tí yóò máa gba Minnu tọ́ ní ìdajì owó jẹ́lé-ó-sinmi. Ó pe Sar pé kí wọ́n lọ ya fọ́tò ọmọ. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni odò Pampa kún tó wọ ìlú. Omi dé àjà ilé àtijọ́, ó gbé ibùsùn, ó gbé àpótí ìrẹsì, ó fi ẹrẹ̀ kún kànga. Orí òrùlé ilé kejì ni wọ́n ti lọ fi ọkọ̀ ojú omi gbé Sar, Ammachi àti Minnu. Síléètì náà kò sọnù, torí pé àyà ni Minnu gbé e mọ́. Owó físà di símẹ́ǹtì, ó di páànù, ó di ibùsùn mẹ́ta. Wọ́n parí ilé Thampi ní kánmọ́kánmọ́, wọ́n sì kó wọ inú rẹ̀, nítorí pé ó wà lórí òkè díẹ̀.

"Kò ṣe nǹkan kan," Sar sọ lórí fóònù. "Ẹni tó kú ló pàdánù. Ọdún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀ náà lọ sórí àtúnṣe ilé, èyí tó tẹ̀ lé e ni àrùn kòrónà dé. Wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní àárín iṣẹ́, fóònù Aniamma gbọ̀n nínú àpò. Àyà Sar ló kọṣẹ́. Wọn ò rí mọ́tò tí yóò gbé e. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín, nínú fóònù sì ni Aniamma ti rí i, nínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí, pẹ̀lú ìbòmú lójú. Nígbà tó kan ìfẹnukonu ìkẹyìn, Minnu, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tẹ̀ síwájú. Ó fi ẹnu ko iwájú orí bàbá àgbà náà, ó dúró díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún fi ẹnu kò ó. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní ọ̀kan jẹ́ ti Mummy. Aniamma fọ ojú, ó padà sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún un.

Leelamma fẹ̀yìn tì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àjò ò lè dùn kónílé má relé, ó ní, ó di ẹrù rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ló pe Aniamma láti inú ilé oníyàrá mẹ́fà tó kọ́.

"Báwo nilé, Chechi?"

"Ilé tóbi. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, òun nìkan ló ń dá mi lóhùn." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì pẹ́. "Gbọ́, Aniamma. Mú ọmọ yẹn wá. Bí yóò bá jáde, bí kò ní jáde, mú un wá."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò létí Aniamma. Ní ọdún tí Minnu pé mọ́kànlá, ó jókòó, ó ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Owó oṣù rẹ̀ ti di ẹgbọ̀kànlá lẹ́yìn tí ìjọba bá ti bù tiẹ̀. Pọ́n-ùn kan ti di ọgọ́rùn-ún rúpì, ìlọ́po náà ti rọrùn débi pé Sar ì bá kórìíra rẹ̀: kí èèyàn kàn fi òdo méjì kún un. Minnu sì ti tó ọmọ ilé ìwé girama, ọmọ tó lè fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi ti bọ́ kúrò nínú ìṣirò. Obìnrin onínúure kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé tó fẹ́ gbà sì ti gbà pé òun yóò máa sùn tì í ní ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ òru. Ó yọ èyí, ó yọ tọ̀hún. Ẹgbàá mẹ́fà rúpì ṣẹ́kù. Ó tún un ṣe. Ẹgbàá mẹ́fà náà ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ó jáde!

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ́kọ́ gba ilé oníyàrá méjì, ó san owó ìdúró. Ó ra ibùsùn kékeré kan, tuntun, kì í ṣe àlòkù, ó ní kí wọ́n fi ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀, kí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ já a. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ra ife tíì kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì mu ún láìlọ́ ọ po.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó gbé fóònù lọ sínú yàrá náà, ó fi ibùsùn han Minnu, ó ṣàlàyé owó, ó ṣàlàyé físà. Ó retí ariwo ayọ̀. Minnu wo ibùsùn náà dáadáa. Ojú Thampi ni ojú rẹ̀, ọgbọ́n Sar ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó dára gan-an, Mummy," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kí lo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe?"

"Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò."

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ní í gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn ò sọ ohun tí ọmọ tí a kọ́ jù yóò gbé tà.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ náà, Minnu ti gbé fóònù ti ife omi lórí tábìlì, síléètì Sar sì wà lórí itan rẹ̀. Ammachi kò sí nítòsí. Minnu ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ má bínú, Mummy, nǹkan kan wà tí Ammachi ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Wọ́n ṣubú nídìí kànga ní oṣù méjì sẹ́yìn. Wọn ò lè dìde lórí ibùsùn fúnra wọn mọ́, èmi ni mò ń gbé wọn. Wọ́n ń gbàgbé iná gáàsì náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá a tó ń jó lásán."

"Minnu! Kí ló dé tí o ò..."

"Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀." Ó gbé síléètì sókè síwájú fóònù. Ó fi ìlà pín in sọ́nà mẹ́ta, bí Sar ṣe máa ń ṣe. "Èyí àkọ́kọ́ ni bí mo bá wá. Ìṣirò yín dára, àmọ́ ẹ ò fi Ammachi sí i. Ẹ kọ wọ́n sí òdo. Ẹ ò sanwó fún ẹnikẹ́ni láti tọ́jú wọn rí, torí náà ni. Bí mo bá kúrò, a máa wá obìnrin tí yóò máa bá wọn gbé tọ̀sán-tòru. Ọ̀kẹ́ kan rúpì lóṣù, mo lọ béèrè lọ́wọ́ Ìyá Joji ní ilé kejì. Ẹ ní ẹgbàá mẹ́fà ló ṣẹ́kù. Ẹ yọ ọ̀kẹ́ kan nínú ẹ̀. A ó máa jẹ gbèsè ẹgbàá mẹ́rin lóṣooṣù."

Aniamma dì mọ́ etí ibùsùn náà. Ọ̀rá ara rẹ̀ ń dún.

"Ìkejì ni bí ẹ̀yin bá wálé. Ọ̀kẹ́ kan ni ọsibítù ìdí ọjà ń san báyìí, báńkì nìkan sì ń gba ọ̀kẹ́ méjì. Ìyẹn ò tiẹ̀ yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìkẹta ni bí a bá wà bí a ṣe wà. Kí ẹ dá ilé oníyàrá méjì padà o. Ọ̀kẹ́ méjì á máa ṣẹ́kù lóṣù, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Tí a bá ń fi í kún ti báńkì, ọdún mẹ́ta ló máa parí. Mo máa ti pé mẹ́rìnlá nígbà náà." Ó mí, ó nu imú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ṣọ́ọ̀kì sì kù sí i nímú. "Ìkẹta yìí nìkan ló jáde, Mummy."

"Mo lè gba iṣẹ́ sí i. Ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀..."

"Ta ni yóò wà pẹ̀lú mi nígbà náà? Mo ti fi ìyẹn náà sí i. Mo ti pa á rẹ́, ẹ wò ó, ibi tó funfun yẹn."

Aniamma fa fóònù súnmọ́ ojú. Láti ìgbà tó ti ń ka ìwọ̀n oògùn fún aláìsàn, kò tíì wo òǹkà kankan bó ṣe wo síléètì yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ibi tí ọmọ ọdún mọ́kànlá ti lè gbàgbé láti gbé ẹyọ kan kọjá, ibi tó ti lè kọ òdo lé òdo. Ó fẹ́ àṣìṣe kan péré. Ó gbàdúrà fún un. Ó tún padà sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ìhà kejì, Minnu dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, bó ṣe máa ń dúró níwájú Sar, ó ń retí àmì.

"Mummy? Ṣé mo gbà á?"

"O gbà á, mole," Aniamma ní. "O gbà á."